Iyọ̀ Ìlú Òtútù Tó Ń Jẹ Abẹ́ Ọkọ̀: Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ní àgbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dá owó jọ, wọ́n fi ra píkí-ọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọn yóò máa fi kó ẹ̀gẹ́. Ara ọkọ̀ náà ń dán, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún dáadáa. Kò pé oṣù kan tí páìpù bíréèkì rẹ̀ fi bẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi jáàkì gbé e sókè, èmi náà wọ abẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe páìpù nìkan, ṣáàsí gan-an ti ń bó bí èèpo igi. Iyọ̀ ló jẹ ẹ́, kì í sì í ṣe iyọ̀ ilẹ̀ wa.

Báwo ni iyọ̀ ṣe dé abẹ́ ọkọ̀? Ní àríwá Amẹ́ríkà, ní Kánádà àti ní àwọn ilẹ̀ bíi Jámánì, omi máa ń dì sójú títì nígbà òtútù, ọkọ̀ á sì máa yọ̀. Omi lásán ń dì ní ìwọ̀n Celsius 0, ṣùgbọ́n omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kì í tètè dì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ti ń dán an wò láti 1938. Lónìí, ohun tí wọ́n ń dà ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 10 lọ. Táyà ló ń ta omi iyọ̀ náà sókè.

Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń bí ìpẹtà, tí àwọn mìíràn ń pè ní dógùn-ún. Iyọ̀ kọ́ ló bí i, òun ló ń mú un yára. Ó tún ń fa omi mọ́ra, ẹ sáà ti rí bí iyọ̀ ilé ìdáná ṣe ń rin nígbà òjò. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé òtútù ń dẹ ìpẹtà lọ́wọ́, ooru ló ń lé e sáré. Nítorí náà, ọkọ̀ tó gbé iyọ̀ wá nínú ihò ṣáàsí rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu nítorí pé ó ti kúrò nílẹ̀ òtútù. Ìpẹtà rẹ̀ lè yára sí i níbí.

Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ máa ń fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ léraléra nígbà òtútù. Kí òtútù tó dé, wọ́n á fín ọ́ìlì tàbí ọ̀rá sí i, títí kan ọ̀rá tí wọ́n ń yọ lára irun àgùntàn. (Ẹ̀yin ọlọ́sìn, ẹ gbọ́ o!) Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un fín. Síbẹ̀, ìpẹtà ṣì ń borí nígbà mìíràn. Ní 2008, Toyota fún àwọn tó ní Tacoma ọdún 1995 sí 2000 ní Amẹ́ríkà ní ìdánilójú ọdún 15 lórí ìpẹtà ṣáàsí, ó sì ra èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe padà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, ẹ má lo ti ẹni tó ń tà á. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi nǹkan lílé gbè é kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kan ṣáàsí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó le máa ń dún gbọnrangandan. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ máa ń dún bọ̀, ó sì ń já lulẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ wo páìpù bíréèkì àti irin tó gbé táǹkì epo dání. Tí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tó ti gbó, ẹ fura. Èmi ò ní san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tí ṣáàsí rẹ̀ ti lu, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Èyí tó dógùn-ún lójú lásán ṣeé tọ́jú. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ àti inú ihò ṣáàsí, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, kí ẹ kun ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń fi kun irin, kí ọ̀dà mìíràn tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí, abẹ́ ọ̀dà ló máa jẹ irin náà tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnì pa á. Ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń kán sí ilẹ̀ tí a fẹ́ gbin nǹkan sí. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ajílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Potassium chloride tó wà nínú ọ̀pọ̀ NPK, iyọ̀ ni. Tí àpò bá ya lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbá ajílẹ̀ kúrò ní gbígbẹ, kí ẹ tó fi omi fọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, jìnnà sí odò tí ẹ ti ń pọn omi. Ẹ wo àwọn ihò kéékèèké abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ ṣáàsí bóyá ẹrẹ̀ ti dí wọn, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde.