Òjé Inú Ẹ́ńjìnnì: Ìrántí Bàbá Wa Àgbà

Ẹ ṣeun púpọ̀ tí ẹ bá wa sìnkú bàbá wa àgbà, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Bàbá Rélùwéè. Ẹ̀yìn tiyín náà á dára. Àwọn kan ní kí n kọ ìtàn wọn sínú ìwé ìròyìn wa. Ìtàn wọn pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kan ẹgbẹ́ wa ni n ó sọ.

Ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Ìbàdàn láti 1901, kí wọ́n tó bí bàbá wa. Láti kékeré ni wọ́n ti wọ ibi iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tà. Ọmọ iṣẹ́ lásán ni wọ́n, epo àti èédú ni wọ́n ń nù lára irin. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kà lálẹ́, wọ́n di ẹnjiníà. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ náà di Kọpọréṣọ̀n ní 1955, wọ́n sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì oní-dísù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì eléèédú. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ládùúgbò tí a kì í gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kì í fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan kí wọ́n tó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà. Wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ná.”

Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì eléèédú tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ fún wa. Inú àpótí irin ni iná ti ń jó, omi sì bo àjà àpótí náà láti òkè. Bí omi bá fà tí àjà náà ṣí sílẹ̀, iná á sọ irin di rírọ̀, agbára oru omi á fọ́ ọ, ó sì lè pa awakọ̀ àti ẹni tó ń koná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi irin kékeré kan sí àjà yẹn, tí wọ́n fi òjé dí ihò àárín rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bo òjé, kò ní yọ́. Bí omi bá fà, òjé á yọ́, oru á máa pariwo jáde sínú iná, awakọ̀ á sì mọ̀ pé ewu dé. Bàbá àgbà á ní, “Òjé yẹn ń dójú ti awakọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là.”

Nígbà kan, bàbá tó bí mi mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wá bá wọn. Bàbá mi fẹ́ ra ọkọ̀ èrò, wọ́n sì fẹ́ kí Bàbá àgbà ṣe onídùúró.

“Èló ló kù nínú ti àkọ́kọ́?”

Bàbá mi dákẹ́. Bàbá àgbà tún béèrè.

“Bàbá, kò tíì tán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ló máa san án.”

Bàbá àgbà gbé bírò sílẹ̀. “Ọmọ mi ni ọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n owó opó wà nínú àpótí yẹn, owó ìyá alágbo wà níbẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ sí i.”

Ọ̀rọ̀ di ìjà. Ọdún Kérésì kọjá, Ọdún Àjíǹde kọjá, bàbá mi kò yọjú sílé bàbá wọn. Àwọn ẹbí ní Bàbá àgbà ti le jù: bí bàbá kò bá dúró fún ọmọ, ta ni yóò dúró fún un? Ìyá àgbà sunkún títí.

Ìyá àgbà náà ló ránṣẹ́ pe bàbá mi nígbẹ̀yìn. Bàbá àgbà kò bá ọmọ wọn wí. Wọ́n ní kó mú pásíbúùkù wá, àwọn méjèèjì jókòó ti tábìlì, wọ́n ṣírò ohun tó kù. Bàbá àgbà wá fún un ní ìwé kékeré kan, pé kó máa kọ ọ́ lálaalẹ́: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ tí gbèsè náà tán gan-an ni wọ́n béèrè fọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n fọwọ́ sí i láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ọkọ̀ yẹn ló sanwó ilé-ìwé girama mi.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, láti ìgbà òfin 1935 ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè dáàbò bo owó wa bí onídùúró bá ń fọwọ́ síwèé nítorí ojú. Mo mọ̀ pé ó nira láti sọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àna ẹni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ san ti àkọ́kọ́.” Ojú á máa tini. Ó sàn kí òjé yọ́ ju kí ẹ́ńjìnnì bú lọ.

Àpótí irinṣẹ́ Bàbá àgbà wà lọ́wọ́ àbúrò mi tó ń ṣe mẹkáníìkì. Ìwé kékeré tí bàbá mi kọ wà lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ irú rẹ̀, kó yà lọ́jọ́ ìpàdé, n ó fi bí a ti ń fa ìlà rẹ̀ hàn án.

Sùn un re o, Bàbá Rélùwéè.