Ta Ló Gé Igi Náà? Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì Kan ní Ìjàrà-Ìsin

Gbólóhùn mẹ́ta ni olùkọ́ ti kọ sójú pátákó kí n tó wọlé. Èkíní ń sọ nípa igi tí wọ́n gé, èkejì nípa odò tí wọ́n bà jẹ́, ẹ̀kẹta nípa ayé tí wọ́n mú gbóná. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan tó dárúkọ ẹni tó ṣe é. Olùkọ́ náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ń dé ẹ̀yìn kíláàsì láìpariwo, na ṣọ́ọ̀kì sí èkíní.

"Ta ló gé igi náà?"

Kò sí ẹni tó dáhùn.

"Igi ti wó lulẹ̀, a ò sì rí ẹni tó mú àáké lọ́wọ́. Ẹ bá mi wá a jáde."

Ẹ̀kọ́ gírámà lásán ni èyí nínú ìwé wọn: bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ti ohun tó ṣẹlẹ̀ síwájú, tí yóò fi ẹni tó ṣe é pamọ́, àti bí a ṣe lè mú un padà wá sójú. Ìdánwò WAEC kì í fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́ ọ nígbà èwe mi, àpẹẹrẹ wa kò kọjá ológbò tó pa eku àti ọmọkùnrin tó ta bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ yìí yan ìmóoru ayé ní tirẹ̀, ohun tó sì mú mi wá sí kíláàsì rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ti bi í léèrè lábẹ́ igi máńgòrò ìdí tí kò fi fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún olùkọ́ Jọ́gíráfì. Ó ní nígbà tí ọmọ bá ti dé SS, ẹni tó bá wù ló ń ṣe Jọ́gíráfì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹni tí yóò di télọ̀, ẹni tí yóò di nọ́ọ̀sì, ẹni tí yóò gba oko bàbá rẹ̀, inú yàrá yìí ni gbogbo wọn ti ń kọjá. Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wọn, ibi tí gbogbo wọn wà ló yẹ kí a ti sọ ọ́.

Ilẹ̀ tí ó ti ń sọ ọ́ náà kì í ṣe ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ jẹ́ àjèjì sí. Ìjàrà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láàrin àwọn Ìgbómìnà, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni. Igi igbá tó ń mú irú jáde wà níbẹ̀, igi òrí wà, kajú wà, iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá kò sì jìnnà sí ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni. Òjò ni gbogbo rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tó pọ̀, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní àkókò Gẹ̀ẹ́sì yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó san owó ìtanràn. Níbí, olùkọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi èdè ilé sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Yàrá náà yí padà lójú mi. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì lanu láti àárọ̀ dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá àgbà wa ní òjò àkọ́rọ̀ ń tàn wọ́n jẹ báyìí. Ó rọ̀, wọ́n gbin àgbàdo, oòrùn bá padà, ó jó o pa. Wọ́n tún un gbìn." Ọmọbìnrin kan ní òjò rọ̀ lé kajú ìyá òun lórí nígbà tó tan òdòdó, òdòdó náà dúdú, ó sì gbọ̀n dànù. Ẹlòmíràn ní ọyẹ́ kì í pẹ́ mọ́. Ẹlòmíràn jiyàn pé irọ́ ni, ọyẹ́ tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun.

Ìjiyàn yẹn ni olùkọ́ ń dúró dè. Ó bi wọ́n bóyá ọyẹ́ ọdún kan tó láti fi dájọ́. Ó ṣàlàyé pé ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń tò pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé báyìí ni ibì kan ṣe rí. Ó wá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ wọn ní àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé nǹkan dájú, tí a fi ń sọ pé ó ṣeé ṣe, àti èyí tí a fi ń sọ pé bóyá ni. Pé ayé ti gbóná ju ti àtijọ́ lọ, ìyẹn dájú: 2024 ni ọdún tó gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ó sì fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.5 ti Celsius ju ti àárín 1850 sí 1900 lọ. Pé ìgbóná ayé yìí ló jó àgbàdo bàbá àgbà lọ́dún kan pàtó, ìyẹn ṣeé ṣe, kò dájú. Àwọn ọmọ náà tún gbólóhùn wọn kọ. Mo wo ìwé ẹni tó jókòó tì mí, mo sì rí i pé ó ti pa "dájú" rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ìròyìn wa ìbá jàǹfààní nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Àyọkà tí wọ́n kà lẹ́yìn èyí dá lórí Eunice Foote, obìnrin Amẹ́ríkà kan. Ní 1856 ó gbé ìgò gíláàsì sí oòrùn, ó fi ohun ìwọ̀n ooru sínú wọn, ó fi afẹ́fẹ́ lásán sí ọ̀kan, ó sì fi kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì sí òmíràn. Ìgò kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì gbóná ju ìyókù lọ fíìfíì, nígbà tí ó sì gbé e kúrò lóòrùn, ó pẹ́ gan-an kí ó tó tutù. Ó kọ ọ́ pé bí irú afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ lójú ọ̀run, ayé yóò gbóná sí i. Nígbà tí wọ́n ka iṣẹ́ náà níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú Albany, ọkùnrin onímọ̀ kan, Joseph Henry, ló bá a kà á. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, John Tyndall bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ tirẹ̀ sì ni ayé mọ̀. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún kí wọ́n tó rántí Foote.

"Kí ló dé tí kò fi ka ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ mà?" Ọmọbìnrin oníkajú ló béèrè.

"Ìwọ ni kí o kà á fún wa báyìí."

Ó dìde, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń le sí i bí ó ti ń lọ. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, olùkọ́ fi mọ́tò tí wọ́n gbé sóòrùn, tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa, ṣàlàyé rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ wọlé, ooru kò ráàyè jáde. Kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó gbòde, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì kò ju nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ. Ó ti lé ní 420 báyìí.

A jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Kùkùté igi igbá kan wà níbẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúdú níbi tí wọ́n ti sun èédú. Olùkọ́ tún béèrè ìbéèrè rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń wo ara wọn, nítorí ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọra ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ga ju ìyókù lọ sọ pé, "Bàbá mi ni, mà."

Mo bẹ̀rù fún un. Olùkọ́ ní, "O ṣeun. Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì sọ ìdí rẹ̀." Ọmọ náà sọ pé bàbá òun gé igi náà nítorí owó ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wá bi àwọn yòókù: ta ló ra èédú? Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó o lọ sí Ìlọrin àti Èkó. Ta ló ń dáná níbẹ̀? Ẹni tí owó gáàsì ti ga jù fún. Ó ní apá kan èédú Nàìjíríà tún ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù, wọ́n sì fi ń yan ẹran níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Gbólóhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn gùn dé ìlà mẹ́rin, bàbá ọmọ náà wà nínú rẹ̀, kò sì dá wà.

Bákan náà ni wọ́n ṣe fi ẹni tó ṣe é sínú gbólóhùn kẹta, ti ayé tí wọ́n mú gbóná. Bí a bá kó gbogbo kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí ayé ti tú jáde látìgbà tí ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ jọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Bí a bá pín tọdọọdún, ọmọ Amẹ́ríkà kan ń tú ju tọ́ọ̀nù 13 jáde; ti ọmọ Nàìjíríà kan kò pé tọ́ọ̀nù kan. Inú bí wọn, ó sì yẹ kí ó bí wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé iná gáàsì tó ń jó tọ̀sán-tòru níbi tí a ti ń wa epo ní Niger Delta, tàbí òfin ojú ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ ìkẹyìn ni lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ ní Òwu-Ìsin, bí WAEC ṣe fẹ́ ẹ: àdírẹ́sì méjì, déètì, àkọlé, ìbuwọ́lùwé. Ẹnì kan kọ pé ó yẹ kí a gbin igi sí etí odò. Báírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: "Ta ni yóò gbìn ín?" Ó tún un kọ pé kíláàsì àwọn yóò gbìn ín, kí ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn ní ọmọ igi igbá àti ti òrí kí òjò tó wọlé. Ẹlòmíràn tọrọ ohun ìwọ̀n òjò. Olùkọ́ ní kí ó yọ ìyẹn kúrò, nítorí àwọn lè ṣe é fúnra àwọn: kí wọ́n gé orí ike omi, kí wọ́n dojú orí náà kọ inú ike bí àrọ, kí wọ́n lẹ rúlà mọ́ ọn lára, kí ẹnì kan máa kà á láràárọ̀, kí ó sì kọ ọ́ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sínú ìwé ńlá.

Èyí ló fa ariwo tó gùn jù lọ lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ní ilé ìwé yóò wà ní títì ní oṣù kẹjọ, òjò kò sì mọ ìsinmi. Àwọn tí ilé wọn kò jìnnà gbà láti máa pín in ṣe, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ gé igi ló kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀.