Ìbòrí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Òfurufú

Bí alùpùpù bá sáré láti Ifangni dé Ko-Koumolou, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á gbóná gan-an. Má fọwọ́ kàn án o! Fi ojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wàá rí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó tò tẹ̀ léra bí ewé ìwé. Atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá, ó sì ń gbé ooru lọ.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré náà ní irú irin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ìbòrí bò ó, kí atẹ́gùn má baà máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Báwo wá ni atẹ́gùn ṣe ń dé ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti bò? Ihò méjì wà níwájú ìbòrí. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń kọjá láàárín àwọn irin náà, ó sì ń gba ìsàlẹ̀ jáde. Bí àlàfo bá wà níbi tí kò yẹ, atẹ́gùn á sá gba ibẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, ó sì lè kú lókè. Alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lè dúró lábẹ́ ọ̀pẹ. Ibo ni ọkọ̀ òfurufú máa dúró sí?

Àwọn kan máa ń to ọkọ̀ òfurufú fúnra wọn. Richard VanGrunsven, ará Amẹ́ríkà, ló ya àwòrán ọ̀kan tó ń jẹ́ RV-6A. Ènìyàn méjì ló ń gbà. Ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ ní Kaduna, ní Nàìjíríà, fún àwọn ọmọ ogun òfurufú tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Wọ́n pè é ní Air Beetle. Orúkọ kòkòrò ni, irú èyí tó ní èèpo líle lẹ́yìn.

Ẹ̀là méjì ni ìbòrí rẹ̀: ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń to ọkọ̀ á gbé ti òkè lé ẹ́ńjìnnì, á fi pẹ́ńsù fa ìlà, á sọ ọ́ kalẹ̀, á gé díẹ̀, á tún gbé e padà. Á ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Kì í kánjú, nítorí ohun tó bá ti gé jù ṣòro láti lẹ̀ padà. Á fi àyè tóóró sílẹ̀ kí ìbòrí má baà ha abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń yí níwájú. Lẹ́yìn náà ló máa kan ti ìsàlẹ̀. Irin gígùn tín-ín-rín ló ń so ẹ̀là méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá fà á yọ, ìbòrí á ṣí, mẹkáníìkì á sì rí ẹ́ńjìnnì.

Kí awakọ̀ tó fò, á yọjú wo inú ihò méjèèjì. Nígbà míì, ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀! Koríko gbígbẹ lè gbiná lára ẹ́ńjìnnì, nítorí náà á kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ jáde.