Òkun tí wọ́n fẹ́ràn ló ń gbé ilé wọn lọ!

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta edé ní Ẹ̀rúnmu, ní Àkànrán, ní Mọ́níyà àti ní Ìyànà Ọ̀fà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kóńgò yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé ọwọ́ ta ni edé yẹn ti wá?

Abúlé kan lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá ni wọ́n bí èmi tí mò ń kọ èyí sí. Àgbẹ̀ ni baba mi. Omi tí a mọ̀ kò ju odò tí à ń pọn lọ, àti Aṣéjire níbi tí àwọn ìyá ti ń ta ẹja díndín fún èrò ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé Aṣéjire ni òkun! Àṣé odò Ọ̀ṣun ni, tí ìjọba sé kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Omi tó bá kọjá níbẹ̀ a gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí, kó tó dé inú òkun.

Ẹni tó là mí lójú ni ìyá kan ní abúlé wa, ọmọ Ìlàjẹ láti Ayétòrò, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọkọ ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ìyá Elédé ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi àjẹ̀ kan kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀, baba rẹ̀ ló fún un. Àwa ọmọdé a máa bi í pé kí lèèyàn fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe láàrin oko kòkó. Ẹ̀rín ló máa ń rín. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lóru, á ní òun rò pé ìgbì ni. Ọdún kan kò lè kọjá kó má lọ fojú kan òkun.

Ayétòrò kì í ṣe ìlú yẹpẹrẹ o. Oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó létí òkun, lẹ́yìn tí wọ́n ti jìyà nítorí ẹ̀sìn wọn. Wọ́n da ohun ìní wọn pọ̀. Ẹja tí apẹja bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Aṣọ tí télọ̀ bá rán, ti gbogbo ìlú ni. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n hun aṣọ. Ní 1953 wọ́n ti ní iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń tan àtùpà. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ṣe é! Àjọní yẹn tú nígbà tó yá, ṣùgbọ́n òkun ṣì ń bọ́ wọn. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé pákó wọn sí. Ọmọ tí kò tíì mọ ABD ti mọ̀ ọ́n tukọ̀. Ọkùnrin a ju àwọ̀n, obìnrin a yan ẹja, a sá edé, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sọ́jà Ìgbọ́kọ̀dá, níbi tí mọ́tò ti ń gbé e wá bá wa.

Àfi bí kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, tó jẹ́ ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Òkun kan náà ló kọjú ìjà sí wọn. Ilé ẹ̀kọ́, ibi iṣẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ti bá omi lọ. Ẹlòmíràn ti kó sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, omi ṣì ń lé e bọ̀.

Kí ló fà á? Àwọn onímọ̀ ní ayé ń gbóná sí i, omi òkun sì ń ga sí i. Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ etíkun Ìlàjẹ, kò sí àpáta tí yóò dá ìgbì dúró. Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì tún la ọ̀nà omi sí àgbègbè náà, omi iyọ̀ sì gba ibẹ̀ wọlé. Ní 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde. Wọ́n tún gbé e fún kọngílá mìíràn ní 2009. Ọdún ń gorí ọdún, ará ìlú ò rí ìdènà kankan. Òkun ò sì dúró de kọngílá.

Nígbà kan tí Ìyá Elédé lọ sílé, ibi tí wọ́n bí i sí, ọkọ̀ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ó padà dé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. A rò pé yóò kórìíra òkun. Rárá o! Nígbà tí ọdún yí po, ó tún di ẹrù rẹ̀.

Àwọn kan lọ́jà ń sọ pé kí ará Ayétòrò kó kúrò níbẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ dùn ún sọ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní kí baba mi fi oko kòkó tí baba rẹ̀ gbìn sílẹ̀, kó lọ máa ju àwọ̀n, ṣé yóò lọ? Apẹja tí a bá gbé lọ sórí òkè, kí ni yóò máa ṣe níbẹ̀? Kì í ṣe olórí kunkun ni wọ́n. Ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn mọ̀ nìyẹn. Bí edé bá sì wọ́n lọ́la, ẹ má ṣe bá alájàpá nìkan jà.

Àjẹ̀ yẹn ṣì wà lára ògiri. Ìyá ní ọmọ ọmọ òun tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ẹgbẹ́dá ni yóò jogún rẹ̀. Ọmọ náà kò fojú kan òkun rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí lẹ rí sí i? Ṣé kí wọ́n dúró ni, àbí kí wọ́n kó lọ? Ẹ kọ̀wé sí wa.