Glamour Girls tuntun: aṣọ dára, ìtàn ò sí níbẹ̀

Ẹni tó bá ra fíìmù l'Ọ́jà-Ọba, n'Ílọrin, láyé kásẹ́ẹ̀tì, kò ní í gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí: ‘Ẹ máa retí apá kejì.’ Ibi tí ìtàn bá ti ń dùn gan-an ni wọ́n ti máa ń gé e. Ẹ tún fẹ́ẹ́ kówó ọbẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, bí apá kejì bá sì dé, ìranù ló máa ń pọ̀ nínú ẹ̀.

Lóde òní, fíìmù àtijọ́ ni wọ́n ń tún ṣe. Kenneth Nnebue, tó ti kọ́kọ́ náwó sórí fíìmù Yorùbá, ló gbé Glamour Girls jáde lọ́dún 1994. Ìtàn àwọn obìnrin tó ń fara wówó l'Ékòó ni, ariwo ẹ̀ sì gbalẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún Netflix lọ́dún 2022, ilé ńlá wà níbẹ̀, mọ́tò olówó ńlá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn dàrú. Àwọn òǹwòran bú u bí ẹní láyin.

Kì í ṣe pé apá kejì ò lè dáa o! Agogo Èèwọ̀ tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 2002 tẹ̀ lé Ṣaworoidẹ ti ọdún 1999, ojú ò sì tì í. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kan náà ló kọ méjèèjì, ìbéèrè tuntun ló sì gbé wá sí Jogbo: bí ọba burúkú bá lọ, ta ni yóò tún ìlú ṣe?

Orúkọ lè ta fíìmù lẹ́ẹ̀kan. Ìtàn ló ń mú oníbàárà padà wá.