Ẹ̀sìn Tó Ń Gbé Inú Ilé

Ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń kó ọmọ jáde. Oyin, iyọ̀, obì àti orógbó á wà nínú àwo, àgbà ilé á sì pe ọmọ lórúkọ níṣojú ẹbí. Ọjọ́ kẹjọ náà ni àwọn Júù ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ kan náà sì ni wọ́n ń kọ ọ́ nílà, nítorí májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá Ábúráhámù dá. Wọ́n á gbé àga kan kalẹ̀ lórúkọ wòlíì Èlíjà, bàbá àgbà tàbí ẹlòmíràn tí wọ́n bá dá lọ́lá á gbé ọmọ lé orúnkún, wọ́n á kọ ọ́ nílà, wọ́n á wá kéde orúkọ. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, wọ́n á sún un síwájú. Ti ọmọbìnrin kò ní ìkọlà. Sínágọ́gù ni wọ́n sábà máa ń ti kéde orúkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjọra náà pin sí. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ Júù: àlùfáà, ọ̀dọ́ àgùntàn, pẹpẹ, Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì yẹn ní ọdún 70, ẹbọ rírú sì dópin. Àwọn rábì ló tún ẹ̀sìn náà tò: àdúrà àti ẹ̀kọ́ gba ipò ẹbọ, tábìlì oúnjẹ gba ipò pẹpẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀sìn Júù lónìí, kó wo inú ilé wọn kó tó wo sínágọ́gù.

Lára òpó ẹnu ọ̀nà ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí tóóró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹ̀súsà, awọ tí wọ́n fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ Tórà, ìwé òfin wọn, sí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wọlé lè fọwọ́ kàn án, kó sì fẹnu ko ọwọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ara awọ yẹn ni olùfọkànsìn ń kà láàárọ̀ àti lálẹ́, pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, pé kí èèyàn fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, kó sì fi òfin rẹ̀ kọ́ ọmọ. Gbòǹgbò ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn. Ọlọ́run yìí kò ní ère. Òun ló fún Mósè ní Tórà, àwọn rábì sì ka òfin 613 nínú rẹ̀. Wọn kò gbà pé Jésù ni Mèsáyà. Wọ́n ṣì ń retí ẹni tí ń bọ̀.

Ilé ìdáná kún fún òfin. Wọ́n ń jẹ màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ tí wọ́n bá pa bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì fi iyọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ inú ìkòkò. Ẹja gbọ́dọ̀ ní lẹbẹ àti ìpẹ́, nítorí náà ẹja àrọ̀ bọ́ nù, edé, akàn àti ìgbín bọ́ nù pẹ̀lú. Ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ pàdé nínú oúnjẹ kan. Ìkòkò àti àwo tiwọn yàtọ̀ síra.

Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, ni adé gbogbo rẹ̀ lójú mi. Ìrọ̀lẹ́ ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ilé á tan àbẹ́là, á fọwọ́ bojú, á súre. Òbí á gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, wọ́n á gbàdúrà sórí wáìnì àti búrẹ́dì méjì, ìrántí mánà tó ń rọ̀ ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kẹfà nínú aginjù. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan àbẹ́là títí ìràwọ̀ mẹ́ta á fi yọ lálẹ́ Sátidé, oríṣi iṣẹ́ 39 di èèwọ̀. Iná dídá àti ìwé kíkọ wà lára wọn. Olùfọkànsìn kì í wakọ̀, kì í tẹ fóònù, kì í rà, kì í tà. Oúnjẹ gbígbóná wà, nítorí wọ́n ti gbé e ka iná tó rọra ń jó láti ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu ńkọ́? Wọ́n á wakọ̀, wọ́n á pe dókítà, wọ́n á dáná. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀; àìṣe é gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Èyí ló wú mi lórí jù nínú gbogbo òfin wọn, pé àwọn tó bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ kan tó báyìí mọ̀ pé ẹ̀mí jù ú lọ.

Kì í ṣe gbogbo Júù ló ń pa gbogbo èyí mọ́. Àwọn Ọ́tódọ́ksì dì í mú ṣinṣin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ Reform ń wakọ̀ lọ sí sínágọ́gù lọ́jọ́ Sábáàtì, obìnrin sì ń ṣe rábì láàárín wọn. Àwọn mìíràn kì í ṣe ẹ̀sìn rárá, síbẹ̀ Júù ni wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí wọn ní London tàbí Brooklyn, bí aládùúgbò yín kò bá gbé ìpè yín láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má bínú sí i. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣe é lálejò, ẹ bi í ní ohun tó ń jẹ kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò kaná.