Ìdí tí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin fi ṣọ̀wọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì

Ìbàfò ni Yunifásítì Mountain Top wà. Mowé ni Yunifásítì Redeemer's náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005 kó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Lágbègbè Ìbàfò àti Mowé, òbí tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì kì í bá a jiyàn mọ́. Owó ilé-ìwé ló ń dà á láàmú. Àmọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí, ńṣe ni àwọn obìnrin ń dín kù. Àjọ UNESCO ní tí a bá ka olùwádìí mẹ́ta lágbàáyé, nǹkan bí ẹyọ kan ló máa jẹ́ obìnrin.

Ta ló ti dé òkè?

Aṣáájú ò wọ́n wa. Grace Alele-Williams, tó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, gboyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago lọ́dún 1963. Lọ́dún 1985, ó di gíwá Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Adéyínká Fálùsì ti Ìbàdàn gba àmì-ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO lọ́dún 2001 lórí ìwádìí rẹ̀ nípa àìsàn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá, irú bíi fòníkú-fọ̀ladìde. Síbẹ̀, Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 kò yan obìnrin ṣe gíwá títí di ọdún 2022, nígbà tó kan Fọláṣadé Ògúnsọlá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa kòkòrò àrùn.

Ibo ló ti ń jò?

Ìgbà téèyàn ń lé oyè ọ̀mọ̀wé, tó sì ń tẹ àpilẹ̀kọ jáde kí wọ́n lè gbé e ga, ni ìgbà ọmọ bíbí gan-an. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aláboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n kòkòrò tí wọ́n ń sìn nínú abọ́ ní yàrá ìwádìí kì í dúró de ẹni tó lọ bímọ.

Ẹ wo ìyálọ́mọ tó ń gbé Mowé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Àkọkà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti gbé ọmọ fún aládùúgbò, tó sì ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Long Bridge lọ́nà Èkó. Lálẹ́, bí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń dúró ti ẹ̀rọ, òun ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Berger kí ọmọ má bàa sùn sílé onílé. Ọpọlọ wọn dọ́gba. Wákàtí tí wọ́n ní ni kò dọ́gba.

Kí ló ṣeé ṣe?

European Research Council, tó ń fún àwọn olùwádìí lówó ní Yúróòpù, máa ń fi oṣù 18 kún gbèdéke tí ìyá ní láti béèrè owó náà, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, nínú ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì wa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìná kọ́bọ̀: kí wọ́n má ka oṣù ìbímọ sí obìnrin lọ́rùn. Ibi ìtọ́jú ọmọ nítòsí yàrá ìwádìí máa náni lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin lọ́la gbọ́dọ̀ dúró ti ọ̀mọ̀wé tó ń fọ́mọ lọ́mú lónìí.